Fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ní àmúyẹ fóònù ńláńlá: kí ni kí a yẹ̀ wò kí a tó rà á?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fóònù tí mò ń lò ti gbó, mo sì fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára mi kò ká àwọn tó wà lókè téńté. Nígbà tí mo wo àwọn tí agbára mi ká, ẹnu yà mí. Lára páálí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ jẹ́ AMOLED (irú èyí tí ojú kéékèèké inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra wọn) tó ń yí ní 120Hz, ìyẹn ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pé kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ megapixel 108, pé ó ń gba iná pẹ̀lú wáàtì 67, pé RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB tí a tún lè fi 8GB mìíràn kún, pé bí omi bá ta sí i kò ní bà á jẹ́, àti pé ó ní sípíkà méjì. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, inú fóònù tó gbówó lórí jù lọ nìkan la ti ń rí irú nǹkan wọ̀nyí.

Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe kò ju agbára lọ. Mo fẹ́ máa fi ya àwòrán ìwé àti ti àwọn ọmọ, kí n máa fi bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí fídíò, kí áàpù báǹkì mi máa ṣiṣẹ́ láìsí ìfòyà, kí n sì máa fi kàwé lálẹ́. Mo fẹ́ kí ó bá mi dé ọdún mẹ́rin, ó kéré tán. Báwo ni ilé iṣẹ́ kan ṣe lè kó gbogbo èyí sínú fóònù olówó pọ́ọ́kú? Èwo nínú wọn ló ní láárí, èwo ló jẹ́ orúkọ lásán, kí sì ni ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń wò kí ẹ tó sanwó?

Ọmọ Ẹ̀rọ

Ẹ kú àbọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí sábà máa ń wà nínú fóònù náà lóòótọ́. Ohun tí wọn kò kọ ni kí ẹ wá. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, nítorí náà ohun tó bá fa ojú mọ́ra ni wọ́n ń kọ gàdàgbà. Ilé iṣẹ́ tó bá ná owó púpọ̀ sórí ojú fóònù àti kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ti dín ìnáwó kù níbòmíràn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń béèrè ni pé níbo ni wọ́n ti dín in kù. Bí ibẹ̀ kò bá kan ohun tí ẹ fẹ́ fi fóònù ṣe, èrè yín ni. Bí ó bá kàn án, gbogbo 120Hz ayé kò lè dí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ní ọdún 2014, OnePlus gbé OnePlus One jáde pẹ̀lú Snapdragon 801, ìyẹn processor (ọpọlọ fóònù) tó wà nínú àwọn fóònù olówó ńlá ìgbà náà, ó sì tà á ní nǹkan bí ìdajì owó wọn. Ní 2018, Xiaomi ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Pocophone F1, tí ó ní Snapdragon 845 àti bátìrì 4000mAh, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ike, tí ojú rẹ̀ jẹ́ LCD tí kò wọ́n tó AMOLED, tí kò sì ní NFC tí a fi ń sanwó. Àwọn wọ̀nyẹn hàn sí gbogbo èèyàn. Èyí tí kò hàn ni pé nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ìpele L3 ni Widevine rẹ̀ wà. Widevine ni ètò ààbò tí àwọn bíi Netflix fi ń mọ fóònù tí wọ́n lè fi fíìmù tó mọ́ kedere ránṣẹ́ sí, L1 ni wọ́n sì ń béèrè fún kí wọ́n tó fi HD ránṣẹ́. Ẹni tó ra fóònù náà nígbà yẹn kò lè wo Netflix ní HD, bẹ́ẹ̀ ojú fóònù rẹ̀ lágbára láti fi í hàn. Ìmúdójúìwọ̀n sọ́fítíwíà ló wá tún un ṣe ní 2019. Bí fíìmù bá ṣe pàtàkì sí yín, áàpù tí wọ́n ń pè ní DRM Info yóò sọ ìpele tí fóònù wà fún yín láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ ni irú ibi ìpamọ́ tó wà nínú fóònù, nítorí iye GB nìkan kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, eMMC àti UFS. eMMC kò lè kà kí ó sì tún máa kọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé bí ó bá ń gba áàpù tuntun wọlé, iṣẹ́ yòókù ní láti dúró. UFS ń ṣe méjèèjì pọ̀, UFS 2.2 tó wà nínú fóònù alábọ́ọ́dé pàápàá sì ń ka nǹkan ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta eMMC 5.1. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀ rárá. Nígbà tí ibi ìpamọ́ bá kún, tí àwọn áàpù sì ti wúwo sí i, ni fóònù eMMC máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, tí ẹni tó ni ín á sì máa rò pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ lo fóònù fún ọdún mẹ́rin, mo gbà tọkàntọkàn pé UFS ṣe pàtàkì ju 120Hz lọ.

Ní ti RAM, ìyẹn ibi tí fóònù ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí, ẹ ka 8GB àkọ́kọ́ nìkan. 8GB kejì tí wọ́n ní ẹ lè fi kún un kì í ṣe RAM; apá kan ibi ìpamọ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti máa gba ohun tí RAM kò lè gbé mọ́, ibi ìpamọ́ sì lọ́ra ju RAM lọ fíìfíì. Ó lè jẹ́ kí áàpù tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ti, ṣùgbọ́n kò ní mú kí fóònù yára. Bí ẹ bá rí "4GB + 4GB", fóònù 4GB ni ẹ rí.

Ẹ ka orúkọ processor tán pẹ̀lú. Snapdragon 7s Gen 2 àti Snapdragon 7+ Gen 2 fara jọra lórí ìwé, àmì kékeré kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èkejì lágbára ju èkíní lọ gan-an. Nọ́ńbà ìdánwò tí wọ́n ń kọ sínú ìpolówó náà kò yẹ ní ohun tí a gbára lé pátápátá. Geekbench, áàpù tí wọ́n fi ń dán agbára fóònù wò, yọ OnePlus 9 kúrò nínú àtẹ rẹ̀ ní 2021, ó sì yọ Galaxy S22 náà kúrò ní 2022, nítorí pé àwọn fóònù náà ń dẹ agbára wọn fún ọ̀pọ̀ áàpù tí àwọn èèyàn ń lò lójoojúmọ́, tí wọn kò sì ń dẹ ẹ́ fún áàpù ìdánwò.

Ayàwòrán

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí kámẹ́rà, nítorí ibẹ̀ ni nọ́ńbà ńlá ti máa ń tan èèyàn jù. Megapixel 108 túmọ̀ sí pé ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ náà tó mílíọ̀nù 108. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ fóònù kò tóbi. Bí ojú bá ṣe pọ̀ tó lórí rẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń kéré tó, tí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ á sì dín kù. Nítorí náà fóònù náà máa ń pa ojú mẹ́sàn-án pọ̀ di ẹyọ kan, àwòrán tí ẹ óò sì rí lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì jẹ́ megapixel 12. Sẹ́ńsọ̀ megapixel 50 ń pa mẹ́rin mẹ́rin pọ̀, tirẹ̀ sì ń já sí méjìlá àti ààbọ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú ìyẹn, ọgbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ibì kan náà ni 108 àti 50 ti ń pàdé.

Ohun tó ń pinnu ni bí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó. Wọ́n máa ń kọ ọ́ bí ìdá, bíi 1/1.56 tàbí 1/2.76, èyí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá kéré jù ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá OIS. OIS ni ẹ̀rọ kékeré tó ń mì lẹ́ńsì ní òdìkejì ìgbọ̀n ọwọ́ yín, kí kámẹ́rà lè fi ojú sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i nínú òkùnkùn láìjẹ́ pé àwòrán náà rí bàìbàì. Ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń ya ìwé lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí fídíò má máa gbọ̀n. Àmọ́ o, OIS kò lè ran yín lọ́wọ́ lórí ọmọ tó ń sáré, nítorí ọmọ náà ló ń rìn, kì í ṣe ọwọ́ yín. Kí kámẹ́rà ṣí kí ó sì tètè padé nìkan ló lè mú ọmọ tó ń sáré, sẹ́ńsọ̀ tó tóbi nìkan ló sì lè rí ìmọ́lẹ̀ tó ní àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wò ó pé Google gbé Pixel 6a jáde ní 2022 pẹ̀lú kámẹ́rà megapixel 12.2 lásán. Lójú tèmi, àwòrán rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ fóònù megapixel 108 tí wọ́n jọ wà lórí àtẹ lọ, nítorí sọ́fítíwíà tó ń to àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Bí a bá fi ìbéèrè Ọmọ Ẹ̀rọ wò ó, ojú fóònù ni wọ́n ti dín ìnáwó kù níbẹ̀, nítorí 60Hz ló ní, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lo 90Hz àti 120Hz.

Kámẹ́rà megapixel 2 tí wọ́n ń pè ní macro (ti yíya ohun kékeré láti tòsí) tàbí depth (ti wíwọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó) kò ní iṣẹ́ kan pàtó tó ń ṣe ju pé kí ojú kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn fóònù pọ̀. Ẹ má kà á. Ti ìwé yíyà tí ẹ sọ, ẹ lo kámẹ́rà àgbà, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì gé etí àwòrán náà lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán. Ó máa ń mọ́ ju macro lọ.

Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti lè di fóònù náà mú, ẹ má ya àwòrán lábẹ́ iná ńlá tó wà lókè àtẹ, nítorí gbogbo kámẹ́rà ló dára níbẹ̀. Ẹ wá igun tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ ya ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sára nǹkan, ẹ ya ẹni tó ń rìn kọjá, kí ẹ sì fẹ àwòrán náà títí ẹ óò fi rí etí lẹ́tà àti irun orí. Ẹ ya fídíò bí ẹ ti ń rìn. Ẹ tan kámẹ́rà iwájú náà, kí ẹ dúró kí fèrèsé wà lẹ́yìn yín. Bí ojú yín bá dúdú pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹbí yín yóò máa rí yín.

Atúnfóònùṣe

Ọ̀rọ̀ ti lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń rí lórí tábìlì iṣẹ́ kún un.

Omi ni kí n kọ́kọ́ mú. IP ni àmì tó ń sọ bí fóònù ṣe lè kọ eruku àti omi tó, nọ́ńbà méjì ló sì ń tẹ̀ lé e. Èkíní sọ bí eruku ṣe lè wọlé tó, ó sì ń parí sí 6. Èkejì sọ ti omi. IP54 túmọ̀ sí pé omi tó bá ta sí i láti ìhà èyíkéyìí kò ní bà á jẹ́, kò túmọ̀ sí pé ẹ lè jù ú sínú omi. IP67 ni ti èyí tí a lè rì sínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, IP68 sì kọjá ìyẹn dé ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ. Omi lásán ni wọ́n fi ń dán an wò, kì í ṣe omi ọṣẹ tàbí omi òkun. Gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí inú fóònù ká ló ń dí omi lọ́nà, gọ́ọ̀mù náà sì ń gbó, ó sì ń là bí fóònù bá jábọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń kọ IP sára páálí, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ráńtì pé bí omi bá ba fóònù jẹ́, kò sí lọ́wọ́ àwọn. Bí ẹ bá rí "ó ń kọ omi" láìsí nọ́ńbà IP kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kà á sí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ti iná gbígbà, wáàtì 67 ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ṣájà àti okùn ilé iṣẹ́ náà ni. Bí ẹ bá fi ṣájà mìíràn sí i, ó lè bọ́ sí wáàtì 18 tàbí kó kéré sí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá ṣájà náà wà nínú páálí, torí láti ìgbà tí Apple ti yọ ọ́ kúrò nínú páálí iPhone 12 ní 2020 ni àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí bóyá iná tó yára ń pa bátìrì. Ooru ló ń pa á. Bí fóònù bá gbóná tí ẹ kò fi lè dì í mú dáadáa nígbà tó ń gba iná, tàbí tí ẹ ń fi ṣeré nígbà tó wà lára iná, ẹ ń gé ọjọ́ ayé bátìrì náà kúrú, ìbáà jẹ́ wáàtì 25 tàbí 120.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra fóònù mọ̀. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pàṣẹ pé bátìrì fóònù tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì lè gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba iná tán dé kíkún ní ìgbà 800, pé kí ilé iṣẹ́ máa fi ìmúdójúìwọ̀n ránṣẹ́ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn tó bá dá títa fóònù náà dúró, kí páátì àtúnṣe sì wà fún ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan tún ní káàdì tó sọ bó ṣe ń fara da jíjábọ́ àti bó ṣe rọrùn láti tún ṣe, ní lẹ́tà A dé E. Orí EPREL, àkọsílẹ̀ Yúróòpù tó ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni àwọn káàdì náà wà, ẹnikẹ́ni ní ibikíbi ló sì lè wo orúkọ fóònù níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ lò ó, kí ẹ sì rí i dájú pé nọ́ńbà àwòṣe tó wà níbẹ̀ bá ti páálí ọwọ́ yín mu.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti ojú fóònù. AMOLED rẹwà, ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́, owó rẹ̀ lè gba apá tó pọ̀ nínú owó tí ẹ fi ra fóònù olówó pọ́ọ́kú, èyí tí etí rẹ̀ tẹ̀ sì burú jù. Ẹ ra èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ béèrè irú gíláàsì tó bò ó. Gorilla Glass 3 ti wà láti 2013, Gorilla Glass Victus tó le jù ú lọ sì jáde ní 2020, bẹ́ẹ̀ páálí lè kọ "Gorilla Glass" lásán kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ní ti ẹ̀yìn ike tí àwọn kan ń bú, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Kì í fọ́.

Ẹ̀ṣọ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí fóònù dé ọdún mẹ́rin, tí ẹ sì ní áàpù báǹkì nínú rẹ̀, ìmúdójúìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè ohun mìíràn. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó ń gbé Android láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, àti èyí tó ń dí ihò tí àwọn ọ̀daràn ń gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ lè ṣèlérí ẹ̀dà Android méjì péré, kí ó sì máa fi ti ààbò ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Ti ààbò ni kò gbọ́dọ̀ wọ́n yín.

Ìlérí náà kò dọ́gba láàárín àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí Samsung gbé Galaxy A16 jáde ní 2024, ó ṣèlérí ẹ̀dà Android mẹ́fà àti ọdún mẹ́fà ààbò fún un, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fóònù olówó ńlá. Google ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8a lọ́dún kan náà. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn, àwọn mìíràn wà tí ojú wọn àti kámẹ́rà wọn mú ọkàn lọ ju ti A16 lọ, tí ìlérí wọn kò sì ju ọdún méjì. Ọjọ́ tí fóònù kọ́kọ́ jáde sí ọjà ni wọ́n ti ń ka ọdún náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Fóònù tó ti wà lórí àtẹ fún ọdún méjì pẹ̀lú ìlérí ọdún mẹ́rin ti jẹ ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ tún wo bóyá ìpolówó máa ń yọ nínú áàpù tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kó sínú fóònù. Àwọn kan fi owó ìpolówó yẹn dí ohun tí wọ́n dín kù lórí iye títà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣeé pa nínú ètò, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà á.

Alálòkù

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, ṣùgbọ́n èrò tèmi yàtọ̀. Kí ló dé tí a ó fi máa wá ibi tí wọ́n ti dín ìnáwó kù, nígbà tí fóònù olówó ńlá tó jáde ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn wà ní àlòkù, tí wọn kò dín ohunkóhun kù nínú rẹ̀? Ẹ ó rí IP68, ẹ ó rí sẹ́ńsọ̀ ńlá pẹ̀lú OIS, ẹ ó rí irin gidi. Galaxy S23 tó jáde ní 2023, fún àpẹẹrẹ, ní ìlérí ọdún márùn-ún ààbò, ìyẹn ni pé yóò dé 2028.

Atúnfóònùṣe

Ẹ̀gbọ́n Alálòkù, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, mo sì máa ń gba àwọn kan níyànjú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra àlòkù ń ra ìtàn tí kò mọ̀. Bátìrì rẹ̀ ti lò, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ti ṣí ẹ̀yìn fóònù, IP68 tó wà lára páálí kò dájú mọ́ àyàfi bí ẹni tó ṣe é bá fi gọ́ọ̀mù tuntun sí i bó ṣe yẹ. Lórí iPhone 12 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ẹ lè wọ inú ètò kí ẹ rí bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú rẹ̀. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ sì fi nọ́ńbà IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó jáde wé ti ara páálí. Bí ẹni tó ń tà á kò bá yọ àkáǹtì Google tàbí Apple rẹ̀ kúrò lójú yín kòrókòró, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí ó dára tó, nítorí yóò tì mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Fún Olùbéèrè tó fẹ́ ọdún mẹ́rin, S23 kò dé ibẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín yẹ ọjà wò, ó sì ku méjì. Èyí tí mo kọ́kọ́ sọ, tó ní megapixel 108 àti wáàtì 67, ní UFS 2.2, ṣùgbọ́n kò ní OIS, ó ti pé ọdún kan tó jáde, ìlérí ààbò rẹ̀ kò sì ju ọdún mẹ́ta lọ. Èkejì ní megapixel 50 pẹ̀lú OIS, UFS 2.2 kan náà, IP67 àti ọdún mẹ́fà ààbò, ṣùgbọ́n wáàtì 25 ni iná rẹ̀, ṣájà kò sí nínú páálí, etí ojú rẹ̀ sì nípọn. Ọkàn mi ti ń lọ sí èkejì. Ohun tó kù tó ń kọ mí lóminú ni pé méjèèjì jẹ́ AMOLED, mo sì ti gbọ́ pé ó máa ń fọ́ àwọn kan lórí bí wọ́n bá ń kàwé lálẹ́.

Ọmọ Ẹ̀rọ

Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ AMOLED kì í dín iná kù ní ti gidi nígbà tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; ó ń tàn, ó ń kú, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹ bá sì ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó ni àkókò tó fi ń kú ṣe ń gùn tó. PWM ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ń tàn tó ń kú ní nǹkan bí ìgbà 240 ló máa ń yọ àwọn tí ara wọn kò gbà á lẹ́nu jù. Àwọn kan ti gbé e dé 1920 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara sì máa ń gba ìyẹn dáadáa. Ẹ rẹ iná fóònù náà sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù mìíràn wò ó pẹ̀lú ìyára gíga. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó gbòòrò tó ń kọjá, ẹ ti rí i. Ìdánwò tó dára ju ìyẹn lọ ni kí ẹ ka nǹkan lórí rẹ̀ níbi tí kò mọ́lẹ̀ fún ìgbà tó pẹ́ díẹ̀. Bí ó bá ń dà yín láàmú, ẹ má rẹ iná náà sílẹ̀ púpọ̀, ẹ yí ojú ìwé sí dúdú. Láti Android 12, ètò "Extra dim" náà wà tó ń fi òjìji bo ojú fóònù.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà nits, ìyẹn ìwọ̀n bí ojú fóònù ṣe ń mọ́lẹ̀ tó, tan yín. Iye ńlá tí wọ́n ń kọ jẹ́ ti igun kékeré kan lójú fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn kí ẹ wò ó.

Nínú méjèèjì, èmi náà ń tì yín sí èkejì. Wáàtì 25 lọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi fóònù sára iná lálẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ ni etí tó nípọn kò ní dí ìwé kíkà yín lọ́wọ́. Ọdún ààbò tí kò tó, kò sí ohun tí ẹ lè rà láti fi kún un.

Ẹ̀ṣọ́

Mo fara mọ́ ọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé àwọn band (ọ̀nà ìgbì rédíò) 4G àti 5G tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń lò wà nínú àwòṣe náà gan-an, nítorí ilé iṣẹ́ máa ń ṣe oríṣi fóònù kan náà fún agbègbè tó yàtọ̀ síra, "5G" lára páálí kò sì sọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi síìmù yín sí i, kí ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ sì wò ó bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí 4G nígbà tí ìpè ń lọ lọ́wọ́. Bí ó bá bọ́ sí 3G, VoLTE, ìyẹn ìpè lórí 4G, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ gba gbogbo ìmúdójúìwọ̀n tó wà nílẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé áàpù báǹkì yín síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lò ó gan-an ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìpè, àwòrán, máàpù, gbígba iná láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí àbùkù tó bá wà lè tètè jáde nígbà tí ẹ ṣì lè dá a padà, kí ẹ sì tọ́jú páálí àti rìsíìtì títí àkókò ìdápadà yóò fi kọjá.